Ta Ló Wà Nínú Òṣùpá?

Ẹ̀kọ́ wa lọ́sẹ̀ yìí dá lórí nǹkan tí gbogbo wa ti rí rí: àwòrán dúdú tó wà lójú òṣùpá.

Ìdí tí mo fi yan ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó fa wàhálà nílé wa. Lálẹ́ ọjọ́ kan, NEPA mú iná lọ, òṣùpá sì yọ roboto. A jókòó síta. Ìyá àgbà wa wá ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, tí Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, àwọn rí i nínú òṣùpá, tòun ti fìlà àti awò ojú rẹ̀. Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá àgbà, Awólọ́wọ̀ ò lọ sínú òṣùpá o, àwọn ará Amẹ́ríkà ló lọ." Àwọn àbúrò mi náà bá mi rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ò dá mi lóhùn. Wọ́n ká ẹní wọn, wọ́n wọlé lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń ka ìwé lórí rẹ̀, tí mo sì ń bi àwọn èèyàn. Ohun tí mo rí nìyí.

Kí ni dúdú yẹn gan-an?

Òkúta ni. Òṣùpá jìnnà sí wa tó nǹkan bíi kìlómítà 384,400. Kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ti oòrùn ló ń tàn padà sí wa. Ibi tó funfun lójú rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ olókè, ibi tó dúdú sì jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Láyé àtijọ́, tó ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún, àwọn òkúta ńláńlá já lu òṣùpá láti ojú ọ̀run, wọ́n sì gbẹ́ kòtò síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, òkúta tó yọ́ bí epo gbígbóná tú jáde láti inú òṣùpá, ó kún inú kòtò wọ̀nyẹn, ó tutù, ó sì di dúdú.

Àwọn ará àtijọ́ nílẹ̀ Yúróòpù rò pé omi ni, wọ́n sì pè é ní òkun. Orúkọ yẹn ò kúrò títí dòní. Ní 1609 ni Galileo, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì, gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú, tó sì rí òkè àti òjìji òkè lórí òṣùpá. Àwọn àgbà wa ní oṣù lé, ẹ ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, kó tún un ṣe. Ó dáa, ọwọ́ àwọn kan ti tó o! Ní July 20, 1969, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin gúnlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn "òkun" wọ̀nyẹn. Ẹ̀kán omi kan ò sí níbẹ̀, eruku àti òkúta ni wọ́n kó bọ̀ wálé.

Ẹ tún kíyè sí èyí. Iye ọjọ́ tí òṣùpá fi ń yí ayé po, ìyẹn ọjọ́ 27 àti díẹ̀, náà ló fi ń yí ara rẹ̀ po. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ojú kan náà ló máa ń kọ sí wa. Ojú òṣùpá tí ará Ìfàkì ń wò náà ni ará Japan ń wò.

Àwòrán kan, ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní Japan, ehoro ni wọ́n rí. Wọ́n ní ehoro náà dúró ti odó, ó ń gún ìrẹsì tí wọ́n fi ń ṣe mochi, oúnjẹ kan tó ń fà bí iyán. Ní Ṣáínà, ehoro náà ni, ṣùgbọ́n oògùn lòun ń gún. Ọkọ̀ kékeré tí Ṣáínà gbé lọ sórí òṣùpá ní 2013, Yutu ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ehoro inú òṣùpá yẹn gan-an. Àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́ náà rí ehoro. Tó bá jẹ́ pé Èkìtì ni ehoro yẹn ti kọ́kọ́ yọjú, mo mọ ohun tí ì bá máa gún.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n sọ fún ní kékeré pé ọkùnrin kan tó la igi lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni Ọlọ́run gbé sínú òṣùpá. Mo bi ara mi pé, ṣé ìtàn baba ńlá wa nìyí? Ọ̀sẹ̀ àwọn baba ńlá wa, ọjọ́ mẹ́rin ni: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta. Kò sí Sọ́ńdè níbẹ̀. Àwọn ará Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń sọ ìtàn ọkùnrin tó ru igi nínú òṣùpá tipẹ́, wọ́n sì so ó mọ́ ọkùnrin tó ń ṣa igi lọ́jọ́ ìsinmi nínú Ìwé Númérì orí 15. Èrò tèmi ni pé ẹ̀yìn ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì dé ni ìtàn oní-Sọ́ńdè yìí dé ọ̀dọ̀ wa.

Awólọ́wọ̀ nìkan kọ́

Ibí yìí ló ya mí lẹ́nu jù. Mo ti rò pé ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni wọ́n ti rí olóṣèlú nínú òṣùpá. Irọ́ ni! Ní August 1953, àwọn Faransé yọ Mohammed Karùn-ún, ọba Mòrókò, lórí oyè, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn rẹ̀ fi ń tọ́ka sókè pé àwọn rí ojú rẹ̀ nínú òṣùpá. Ní 1955, ọba padà wálé. Ní 1978, ọ̀rọ̀ kan náà tàn ká Íráànì nípa Khomeini, ẹni tó ti wà lẹ́yìn odi fún ọdún mẹ́rìnlá. Òun náà padà wálé ní February 1979.

Ẹ wá wo Awólọ́wọ̀. Òun ni olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, Èkìtì sì wà lára Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà. Ìyá àgbà wa jẹ nínú rẹ̀, torí bàbá wọn ò lówó ilé ìwé. Ní 1963, wọ́n dá Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. 1966 ló tó jáde. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tí kò sí nílé, tí ọkàn àwọn èèyàn ń fà sí, òun ni wọ́n ń rí lókè.

Ojú ló ń wò, ọkàn ló ń rí

Ọpọlọ wa fẹ́ràn láti máa wá ojú èèyàn kiri. Ẹ wo iwájú mọ́tò: iná méjì di ojú, ibi nọ́ńbà di ẹnu. Tí wọ́n bá wá sọ ohun tí a máa rí fún wa ṣáájú, ó tán. Mo gbé àwòrán òṣùpá fún àwọn mẹ́rin ní kíláàsì wa láìsọ ìtàn kankan. Ọ̀kan rí ìyá tó pọn ọmọ, ọ̀kan rí ológbò, ọ̀kan rí àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, ẹnì kẹrin ní òun ò rí nǹkan kan. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ ehoro, gbogbo wọn ló pariwo pé, "Etí ẹ̀ rèé!"

Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò. Tí òṣùpá bá kún, ẹ ya ohun tí ẹ rí nígbà tó bá ń yọ ní ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ tún jí ní ìdájí, kí ẹ wò ó nígbà tó bá ń wọ̀. Níbi tí a wà yìí, òṣùpá máa ń gba nǹkan bí àárín ojú ọ̀run kọjá, nítorí náà ẹni tó dúró nírọ̀lẹ́ yóò ti dorí kodò ní ìdájí. Ẹ mú àwòrán yín wá fún ẹgbẹ́ oníròyìn wa, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yìí.

Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà, mo sì ka gbogbo rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi ọba Mòrókò, wọ́n ní, "Háà, àwọn náà?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ṣé o rò pé a ò mọ̀ pé èèyàn ò lè gun òkè débẹ̀ ni? A fẹ́ rí i ni. Gbogbo àdúgbò ló jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò fi ẹnì kejì rẹ̀ rẹ́rìn-ín."