Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Olùkọ́: Bí A Ti Í So Àmì Ìkọ̀wé Pọ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí ọmọ kékeré bá ń kọ́ ìwé ní Ìfọ́n, ó yẹ kí ó tètè mọ orúkọ ìlú rẹ̀ kọ. Olùkọ́ a sì pín in fún un báyìí: Ì-f-ọ́-n. Nínú ẹ̀kọ́ yìí àwa fẹ́ fi han àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, bí wọn ó ti mú un ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èdè tí a ó lò ni Python, tí Guido van Rossum kọ́kọ́ gbé jáde ní 1991.

Ohun tí a ń pè ní string ni àwọn àmì ìkọ̀wé tí a tò tẹ̀lé ara wọn, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Loop sì ni àṣẹ tí a pa lẹ́ẹ̀kan, tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ní àṣetúnṣe títí iṣẹ́ yóò fi tán. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

okun = ""
for ami in "Ìfọ́n":
    okun = okun + ami + "-"
print(okun)

Ìlà kìn-ín-ní fún wa ní okùn òfìfo. Nínú ìlà kẹta, kọ̀ǹpútà mú ohun tí ó ti wà lórí okùn, ó fi àmì kan àti dáàṣì kún un. Ẹ kíyèsí i: bí a bá gbé ìlà kìn-ín-ní sínú loop, a ó máa tú okùn náà dànù ní ìgbà gbogbo, kìkì n- ni yóò sì kù fún wa.

Ṣùgbọ́n ẹ má tí ì yọ̀. Lẹ́tà 4 ni ojú wa rí nínú Ìfọ́n, síbẹ̀ loop yóò yí ní ìgbà 5, ó kéré tán. Unicode ni ètò tí ó fún àwọn àmì ìkọ̀wé ayé ní nọ́ḿbà. Nínú rẹ̀, ọ ní nọ́ḿbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní. Ọ ni a ó kọ, kí a tó fi àmì ohùn òkè tẹ̀lé e. Nítorí náà ni dáàṣì ṣe bọ́ sí àárín wọn, tí àmì ohùn sì gun orí dáàṣì.

Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ní 1875 àwọn àgbà ìjọ pàdé ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá. Àmì kì í ṣe ọ̀ṣọ́: ẹni tí ó bá sọ ọ́ nù kò lè fi ìyàtọ̀ sí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀.

Nítorí náà, kí olùkọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ to lẹ́tà náà:

leta = ["Ì", "f", "ọ́", "n"]
print("-".join(leta))

Èyí yóò tẹ Ì-f-ọ́-n, láìsí dáàṣì lẹ́yìn n. Ó sì dára fún ọ̀rọ̀ gígùn pẹ̀lú, nítorí pé Python kì í yí string padà. Tuntun ni ó ń ṣe nígbà tí a bá fi nǹkan kún ti àtijọ́, ṣùgbọ́n join a so gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí olúkúlùkù dán an wò pẹ̀lú orúkọ ìlú tirẹ̀, kí ó sì tún ohun tí kọ̀ǹpútà bá tẹ̀ kà kí ó tó fi lé ọmọ lọ́wọ́.