Orí Kẹfà: Kí Ẹ Tó Wọ Ọkọ̀ ní Ìlarò

Abéèrè kì í ṣìnà. Òwe yìí wúlò púpọ̀ ní gáréèjì. Ẹni tó bá béèrè, tó sì lè ka nọ́ńbà àti orúkọ ìlú, owó rẹ̀ kì í ṣòfò lójú ọ̀nà.

Àwọn ọ̀nà tó jáde ní Ìlarò

Ọ̀nà méjì ló lọ sí Èkó láti Ìlarò. Ọ̀kan gba Papalantó lọ sí Ifọ̀ àti Sàngó. Èkejì gba Owódé àti Àtàn kó tó dé Ọ̀tà. Ẹni tó ń lọ sí Abẹ́òkúta yóò gba Papalantó, yóò sì kọjá ní Ewékorò àti Ìtòrì. Ọ̀nà Ìbèsè àti Ìgbógílà ló lọ sí Ayétòrò.

Nígbà kan rí, ọkọ̀ ojú irin máa ń ti Ifọ̀ gba Ìlarò lọ sí Ìdógò. Kò rìn mọ́. Ọkọ̀ èrò ló kù fún ẹni tí kò ní mọ́tò.

Owó ọkọ̀

Ọkọ̀ gáréèjì kì í wo aago. Ìgbà tó bá kún ló ń gbéra. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi mọ níwọ̀n: gbogbo èrò ló jọ ń san owó epo. Bí epo bá wọ́n, owó ọkọ̀ á lọ sókè. A rí i ní ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo.

Nítorí náà, ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó: "Ẹ jọ̀ọ́, èló ni Sàngó? Ṣé ẹ máa gbé wa débẹ̀, àbí Ifọ̀ lẹ máa já wa sí?" Bí ẹ bá ní ẹrù, ẹ béèrè owó ẹrù pẹ̀lú.

Ẹ ṣírò ṣéńjì yín. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ 1,500 náírà, tí ẹ san 2,000, ṣéńjì yín jẹ́ 500. Nígbà mìíràn, kọ̀ǹdọ́ á fún èrò méjì ní 1,000 kan ṣoṣo, á ní kí wọ́n jọ pín in. Ẹ mọ ojú ẹni tí wọ́n so yín pọ̀ mọ́, kó má baà bọ́ sílẹ̀ lọ.

Ààbò

Inú gáréèjì ni kí ẹ ti wọkọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí ará ilé kó tó gbéra. Ẹ de bẹ́líìtì.

Tírélà sìmẹ́ǹtì láti Ìbèsè àti Ewékorò pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Bí awakọ̀ bá ń sáré àsápajúdé, kí gbogbo èrò pa ohùn pọ̀ bẹ̀ ẹ́. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 122, nọ́ńbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. A kì í san owó ìpè náà.

Ìtòsí ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ la wà. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù máa ń dá ọkọ̀ dúró yẹ ẹrù wò, nítorí òfin kò gba kí ìrẹsì òkèèrè gba orí ilẹ̀ wọlé. Bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ bá ní kí ẹ bá òun gbé àpò, ẹ má gbà á. Ẹni tó gbé àpò lọ́wọ́ ni wọ́n máa mú.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ló ń mú kí owó ọkọ̀ lọ sókè?
2. Owó ọkọ̀ jẹ́ 1,200 náírà. Ẹ san 2,000. Èló ni ṣéńjì yín?
3. Ẹ lọ sí ìta. Ẹ ka nọ́ńbà ọkọ̀ kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yín.