Eré Àsápajúdé

Ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé kan mú àpilẹ̀kọ rẹ̀ wá kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì rí i pé ó pe ìgbésí ayé òṣìṣẹ́ Èkó ní "eré ìje eku", gbólóhùn tí ó ká lẹ́nu òyìnbó. "Eku wo?" ni mo bi í. Lọ́dọ̀ tiwa, nígbà tí ayé bá rójú ni à ń sọ pé eku ń ké bí eku, ẹyẹ ń ké bí ẹyẹ. A kì í fi eku júwe ẹni tí iṣẹ́ ń lé kiri.

Ọ̀rọ̀ tí àwa ní nílé ni eré àsápajúdé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé ibi tí a ti ń bá awakọ̀ wí ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, rò pé eré tí ó yá ni ìtumọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àgbọ̀nrín a máa sáré bí ẹ̀fúùfù, ojú rẹ̀ a sì là sílẹ̀ kedere. Ẹ tú u wò: sá, pa, ojú, dé. Ojú tí a pa dé ni gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún, bí a kò bá lé ejò, ejò ní ń lé ni. Ti eléyìí, ejò kò sí níwájú, kò sí lẹ́yìn, ẹlẹgbẹ́ ẹni tí ń sá lọ nìkan ni à ń wò sá, ẹ̀gún sì ń gún ni.

Kí a má fi wé làálàá o. Àgbẹ̀ tí ó kọ igba ebè, "Ẹ kú làálàá" ni a ó kí i, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ "Ẹ kú eré àsápajúdé" rí, nítorí ìbáwí ni ọ̀rọ̀ náà, ọmọdé kì í sì í sọ ọ́ sí àgbà lójú.

Ní ìdájí, lórí afárá Third Mainland tí a ṣí ní ọdún 1990, nínú dánfó tí ń sáré lọ sí Àkéte ilé ọgbọ́n, àwọn tí wọ́n ti jáde nílé kí ọmọ wọn tó jí ni ẹ ó bá tí wọ́n fi àgbọ̀n sàyà, tí wọ́n ń sùn: ara ń sáré, ojú pa dé. Èmi náà ti wà nínú wọn rí. Ibùdókọ̀ Àdéníjì ni mo ti fẹ́ sọ̀. Ọbalendé ni kọ̀ndọ́kítọ̀ ti jí mi, àdúgbò tí a ní ọba ló lé àwọn ará ibẹ̀ débẹ̀, n kò sì lè sọ ẹni tí ó lé èmi dé.