Wíwọn Agbára Àgbàlagbà Kí Àìsàn Tó Dé

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1960 ni a ṣí Sun City ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà, ìlú tí a tẹ̀ dó fún àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Irú ibùgbé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ níbẹ̀ báyìí, ìṣòro kan náà ni ó sì ń bá àwọn alábòójútó wọn. Nínú ẹni ọgọ́rin ọdún méjì, ọ̀kan a máa gbá gọ́ọ̀fù láràárọ̀. Èkejì kì í pẹ́ ti ilé ìwòsàn dé kí ó tó tún padà síbẹ̀. Ọjọ́ orí nìkan kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Ní ọdún 2001, Dókítà Linda Fried àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n kan jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ènìyàn 5,317 wò, àwọn ẹni ọdún 65 sókè. Ohun márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀: kí ènìyàn rù ní páùn 10 láàárín ọdún kan láìfẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá, kí ọwọ́ rẹ̀ má lè di nǹkan mú gírígírí mọ́, kí ìrìn rẹ̀ falẹ̀, kí ó sì máa jókòó sójú kan. Ìrìn ni ó rọrùn jù láti wọn. Nọ́ọ̀sì yóò sàmì sí ẹsẹ̀ bàtà 15 ní ilẹ̀, yóò mú aago lọ́wọ́, yóò sì ní kí bàbá tàbí ìyá náà rìn bí ó ti máa ń rìn. Bí ó bá gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá 6 tàbí 7, gẹ́gẹ́ bí ó ti ga sí, ìrìn rẹ̀ ti falẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó bá ní mẹ́ta nínú márùn-ún ni a kà sí hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Láàárín ọdún 3, irú wọn ni ó ṣubú jù, àwọn ni a sì gbé lọ sí ilé ìwòsàn jù.

Ibùsùn ilé ìwòsàn pàápàá ní ewu tirẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10 péré, ẹran ẹsẹ̀ wọn sì dín ní bíi kìlógíráàmù 1. Kí ni yóò wá ṣẹ́ kù fún ẹni tí ó ti rù tẹ́lẹ̀? Òun ni ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, tí a sì ń fi kẹ̀kẹ́ tì jáde.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé a ó fi òṣùwọ̀n yìí lé àwọn aláìlágbára kúrò ní ibùgbé wọn. Àṣìlò gbáà ni ìyẹn yóò jẹ́. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ bá ń falẹ̀ ni ó yẹ kí a tún òògùn rẹ̀ yẹ̀ wò, nítorí àpọ̀jù òògùn a máa mú òòyì wá; kí ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà má wọ́n nínú oúnjẹ rẹ̀; kí a sì máa kọ́ ọ láti dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara. Bí ilé ìwòsàn bá sì di dandan, kí ìwé òṣùwọ̀n rẹ̀ bá a lọ, kí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lè tètè máa gbé e dìde rìn, bí àìsàn rẹ̀ bá ti gbà á láyè.