Ẹ Má Ṣáná sí Mọ́tò Tí Rédíò Bá Ń Gba Firmware Tuntun

Tí ẹnì kan bá ní kí n bá òun fi firmware tuntun sí rédíò mọ́tò tó rà lọ́tọ̀, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ni mo máa ń kọ́kọ́ gbà. Ìdí rèé.

Firmware ni ètò tó ń jí rédíò náà. Inú flash memory ló wà. Bíi síléètì ni flash rí: ó gbọ́dọ̀ nu ti àtijọ́ kúrò kó tó kọ tuntun, odindi abala kan lẹ́ẹ̀kan náà ló sì máa ń nù. Tí iná bá já láàárín méjèèjì ńkọ́? Ti àtijọ́ ti lọ, tuntun ò tíì dé. Rédíò di bíríkì nìyẹn! Àwọn kan ní ẹ̀dà kejì ní ìpamọ́, àmọ́ ẹ má gbójú lé e.

Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, bí ẹ bá ṣe ń ṣáná, iná ACC tó ń gbé rédíò máa ń já fúngbà díẹ̀ kí starter lè rí agbára lò. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń ṣáná kí n tó bẹ̀rẹ̀, níta gbangba torí èéfín, n ò sì ní fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mọ́ títí rédíò á fi tún ara rẹ̀ tàn.

Ti fáìlì, nọ́ńbà ara rédíò yín gan-an ni kẹ́ ẹ fi wá a. Rédíò méjì lè jọra bí ìbejì kí pátákó inú wọn yàtọ̀; fáìlì ọ̀kan lè pa èkejì.