Ìwọ̀n Ara Rẹ Ni Kí O Fi Bẹ̀rẹ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní iwájú alùpùpù Suzuki DR650 rẹ máa ń rì wọlẹ̀ tí o bá ti tẹ bíréèkì, pé bí táyà bá sì já sí kòtò lójú ọ̀nà eléruku, gbogbo ọwọ́ ló ń dùn ọ́. Nítorí èyí lo ṣe fẹ́ yọ ṣọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ dànù, kí o fi ti alùpùpù olówó ńlá rọ́pò. Jọ̀wọ́, má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Sípíríìnì tó bá ìwọ̀n ara rẹ mu ni kí o kọ́kọ́ wá. Ohun yòówù tó bá kù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ó tò sí.

Láti ọdún 1996 ni Suzuki ti ń ta DR650SE, irú tìrẹ yìí, láìfi bẹ́ẹ̀ yí i padà, wọ́n sì ṣe é kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè gùn ún lórí ọ̀dà àti nínú igbó. Ṣọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹgẹ́: ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 43, ó sì lè wọlẹ̀ tó mílímítà 260. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣún owó ná. Nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, sípíríìnì ló ń gbé ọ dúró. Ọ̀pá kan tó ní ihò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ihò yẹn ni epo ń gbà kọjá láti dín eré ṣọ́ọ̀kì kù. Iṣẹ́ méjì ni, ẹnikẹ́ni tó bá dà wọ́n pọ̀ yóò náwó sí ibi tí kò yẹ. Ihò náà kì í fẹ̀ sí i, kì í sì í dín. Nígbà tí o bá tẹ bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, epo ń rọ́nà kọjá, kò sí ohun tó dá a dúró. Nígbà tí táyà bá kọ lu òkúta, eré tí ṣọ́ọ̀kì fi ń wọlẹ̀ pọ̀. Bí eré yẹn bá sì di ìlọ́po méjì, agídí epo a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Epo kò ráyè kọjá, ọwọ́ rẹ ló ń gba ìyà náà. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀kì kan náà fi rọ̀ jù tó sì tún le jù. Ohun tí o sọ kò ta kora.

Sípíríìnì tí wọ́n fi sí i ní ilé iṣẹ́ kò mọ̀ ọ́, kò mọ ẹrù tí o máa ń dì sẹ́yìn. Ọ̀nà tí o lè gbà mọ̀ bóyá ó tó ọ gbé rọrùn. Gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí o wọn bí ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì ti gùn tó. Lẹ́yìn náà, wọ gbogbo aṣọ ìgùn rẹ, gun orí rẹ̀ kí ẹnì kan di alùpùpù mú, kí o tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yẹ kó wà láàárín ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta 260 yẹn, ìyẹn bíi mílímítà 65 sí 87. Bó bá ju 100 lọ, o ti jẹ púpọ̀ nínú àyè tí o fowó rà kí o tó rí kòtò kankan.

Àwọn kan á ní kí o kàn fi ohun kan ti sípíríìnì náà láti òkè. Ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ká ní sípíríìnì kan ń gba ìdajì kílò kí ó tó rì ní mílímítà kan. Bí o bá fún un ní mílímítà 10, kílò 5 lo fi kún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Iwájú á gbéra díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mílímítà kọ̀ọ̀kan tó kù, ìdajì kílò náà ni yóò ṣì máa gbà. Rírọ̀ rẹ̀ kò yí padà.

Àwọn mìíràn á ní kí o da epo tó ki sí i. Yóò dín rírì nídìí bíréèkì kù, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ihò kan náà ni epo kíki yìí fẹ́ gbà, òkúta á sì máa gbá ọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ; bí kòtò bá tún tẹ̀ léra, iwájú kò ní tètè gòkè kí èkejì tó dé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ohun tó tọ́ sí ìṣòro ihò yẹn ni emulator tí ilé iṣẹ́ Race Tech ń tà. Orí ọ̀pá náà ló ń jókòó sí lábẹ́ sípíríìnì, ìlẹ̀kùn kékeré kan wà lára rẹ̀ tó máa ń ṣí nígbà tí epo bá fi agbára tì í. A ó gbẹ́ ihò ọ̀pá náà fẹ̀ kí ó má baà dí i lọ́wọ́. Wíwọlẹ̀ nìkan ló ń ṣàkóso o, epo ni yóò ṣì máa ṣàkóso gígòkè. Bí owó rẹ bá tó lẹ́yìn sípíríìnì, rà á.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì olówó ńlá tí o ń fẹ́, mo gbà pé iṣẹ́ inú rẹ̀ dára ju tìrẹ lọ fíìfíì. Àmọ́ alùpùpù ìdíje tó fúyẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, tìrẹ sì wúwo tó kílò 166 kí o tó gùn ún. Lẹ́yìn tí o bá ti wá ohun tí yóò dì í mú, tí o ti tún táyà, bíréèkì àti gíga iwájú tò, sípíríìnì mìíràn ni wàá tún lọ rà sí i.

Kí o tó tú ohunkóhun, yẹ afẹ́fẹ́ táyà wò, yẹ bẹ́ríìnì ọrùn alùpùpù àti síìlì tó ń dá epo dúró wò. Gbé iwájú rẹ̀ sókè dáadáa kí o tó yọ ìdérí ṣọ́ọ̀kì, kí ojú rẹ má sì ṣe wà lókè rẹ̀, nítorí sípíríìnì lè ta á. Rántí ẹ̀yìn náà: bí iwájú bá le tí ẹ̀yìn sì rọ̀, ọwọ́ á fúyẹ́, alùpùpù kò ní fẹ́ yà.

Mo bẹ̀ ọ́, má sanwó fún ẹnikẹ́ni títí di Sátidé. Wọn ṣọ́ọ̀kì náà lọ́jọ́ náà, kí o sì kọ iye mílímítà tó jáde ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.