Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìṣesí Ọ̀tá Àjèjì Nínú Eré Ìbọn Orí Kọ̀ǹpútà

1. Ìfáàrà

Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, wà ní Akoka ní agbègbè Yaba. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Yaba ti wà ní agbègbè kan náà láti ọdún 1947, ibẹ̀ náà sì ni Co-Creation Hub ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ní ọdún 2011 fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Mushin àti Surulere, níbi tí àwọn ilé eré géèmù wà tí ọ̀dọ́ ti ń sanwó kí ó tó ṣeré. Yorùbá ni púpọ̀ nínú ariwo tí ń jáde láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀: ‘Ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ!’ ‘Sá pamọ́!’ ‘Yìn ín!’ Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ kan náà bá jókòó ní kíláàsì láti kọ́ bí a ti ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, tí olùkọ́ sì fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó mú kí ọ̀tá inú eré sá tàbí kí ó dúró, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀kọ́ náà yóò bá lọ.

Kì í ṣe àìsí ọ̀rọ̀ ni ó fa èyí. Àìṣètò ọ̀rọ̀ ni. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ti fi hàn pé èdè yìí lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní ọdún 2025 ìjọba fagi lé ìlànà náà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀-ìperí tí kò bá wúlò lẹ́nu olùkọ́ kò ní àṣẹ ìjọba tí yóò gbé e dúró. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ eré wò pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí pé eré ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kọ́kọ́ ṣe bí wọ́n bá mọ ètò kọ̀ǹpútà í kọ.

2. Irú eré tí ọ̀rọ̀ kàn

Eré méjì yóò tó fún àpẹẹrẹ. Èkíní ni Space Invaders, tí Tomohiro Nishikado ṣe fún ilé-iṣẹ́ Taito ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1978. Nínú eré yìí, àjèjì 55 ni ó tò ní ìlà márùn-ún, mọ́kànlá ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Bí wọ́n bá kan etí ojú ẹ̀rọ, wọ́n a sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n a sì darí padà. Bí aṣeré ti ń pa wọ́n ni ìrìn àwọn tí ó ṣẹ́kù ń yá sí i. Ẹni tí ó ń ṣeré lè rò pé inú ń bí wọn. Kò sí ìbínú níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbà náà kò lágbára púpọ̀. Bí iye àwòrán tí ó ní láti yà bá ti dín kù, iṣẹ́ rẹ̀ a fúyẹ́, eré a sì yára. Nishikado rí i pé èyí mú kí eré náà dùn, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni Halo, tí ilé-iṣẹ́ Bungie ṣe, tí ó sì jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001. Oríṣiríṣi àjèjì ni ó wà nínú rẹ̀, ìṣesí wọn sì yàtọ̀ síra. Elite ni olórí. Ó ní ààbò tí a kò lè fọwọ́ kàn lára, bí ìbọn bá sì ti fọ́ ààbò náà, a lọ sápamọ́ títí yóò fi padà bọ̀ sípò. Grunt ni ọmọ-ẹ̀yìn. Bí aṣeré bá pa olórí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó sá káàkiri pẹ̀lú igbe. Jackal gbé asà síwájú. Hunter máa ń rìn ní méjì-méjì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ibi tí ìhámọ́ra rẹ̀ kò bò.

Ní ọdún 2002, Chris Butcher àti Jaime Griesemer, méjì nínú àwọn tí ó ṣe Halo, ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n fi eré náà dán àwọn aṣeré wò. Bí ọ̀tá bá tètè ń kú, ọgbọ́n rẹ̀ kì í hàn sí aṣeré. Bí wọ́n bá mú kí ọ̀tá kan náà ṣòro í pa sí i, tí wọn kò sì fi kún ọgbọ́n rẹ̀ rárá, àwọn aṣeré a bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ó gbọ́n. Àpẹẹrẹ méjèèjì kọ́ni ní ohun kan: ohun tí ojú aṣeré rí kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ ṣe. Ọ̀rọ̀-ìperí tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

3. Ìlànà

Ìlànà mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí dá lé.

(i) Ohun tí ojú rí ni kí a fi ọ̀rọ̀ ogun àti ọ̀rọ̀ ọdẹ pè.
(ii) Ohun tí ẹ̀rọ ṣe ni kí a fi ọ̀rọ̀ ìṣirò, àṣẹ àti ipò pè.
(iii) Orúkọ ohun èlò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, bí ‘kọ̀ǹpútà’ àti ‘géèmù’. Ṣùgbọ́n orúkọ ìṣe kò gbọdọ̀ jẹ́ àyálò níbi tí Yorùbá bá ti ní ọ̀rọ̀ tí ó ṣe rẹ́gí.

4. Ọ̀tá, ọta àti àjèjì

Ohùn ni ó ya ‘ọ̀tá’, ẹni tí a bá jà, kúrò lára ‘ọta’ tí ìbọn ń yọ, àti kúrò lára ‘Ọ̀tà’ tí í ṣe ìlú. Nínú gbólóhùn bí ‘Ọ̀tá yin ọta’, bí akọ̀wé bá fo àmì ohùn, ọ̀rọ̀ méjèèjì di ọ̀kan náà lójú òǹkàwé. Nínú ìtàn lásán, òǹkàwé lè fi òye gbé e. Nínú ìtọ́ni tí ó kún fún ọ̀tá àti ọta láti òkè dé ilẹ̀, òye nìkan kò tó. Àmì ohùn jẹ́ dandan.

Fún ẹ̀dá tí ó ti ayé mìíràn wá, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ń du ipò. ‘Àlejò’ kò yẹ, nítorí pé ẹni tí a fún ní omi àti àga ni àlejò. ‘Iwin’ yóò tètè yé ọmọdé, pàápàá ẹni tí ó ti ka ìwé D. O. Fágúnwà ti ọdún 1938. Ṣùgbọ́n inú igbó ayé yìí ni iwin ń gbé, ènìyàn sì lè bẹ̀ ẹ́ tàbí kí ó fi ọfọ̀ bá a jà. Ẹ̀dá inú eré kò ní irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn. ‘Àjèjì’ ni ó bá a mu jù lọ: ẹni tí a kò mọ̀, tí a kò sì tíì mọ ohun tí ó bá wá. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ ìtumọ̀ kíkún, ‘àjèjì òde-ayé’ yóò tó.

5. Ọ̀rọ̀ láti ojú ogun àti inú igbó

Àwọn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, títí dé Kírìjì tí wọ́n jà láti ọdún 1877 sí 1893, fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀ fún èdè. Orúkọ Kírìjì pàápàá, ìró ohun ìjà ni wọ́n sọ pé ó ti wá. Ọ̀rọ̀ ọdẹ pẹ̀lú kún, ó sì ṣe pàtó.

Ẹ jẹ́ kí a wo fífi ara pamọ́. Èdè Yorùbá kò da ẹni tí ń sá fún ikú pọ̀ mọ́ ẹni tí ń wá ẹran. Ẹni tí ó ‘sá pamọ́’ ń wá ààbò. Ẹni tí ó ‘ba’ ń wá ẹni tí yóò pa, ibi tí ó sì lúgọ sí ni ‘ibùba’. Ẹni tí ó ‘dènà’ de ènìyàn, ojú ọ̀nà ni ó ti ń retí rẹ̀. Elite tí ààbò rẹ̀ fọ́ tí ó sì lọ sẹ́yìn àpáta ṣe ìsápamọ́. Bí ààbò náà bá padà tí ó sì dúró síbẹ̀ de aṣeré, ìsápamọ́ ti di ìbadè. Ibì kan náà ni, ara kan náà ni, ṣùgbọ́n ìṣesí méjì ni. Ẹni tí yóò kọ ètò rẹ̀ ní láti mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé àṣẹ tí ó bí èkíní kọ́ ni ó bí èkejì.

Fún ọ̀tá tí kò gba iwájú wá, tí ó yọ sí aṣeré láti ẹ̀gbẹ́, ‘ìgbẹ̀gbẹ́yọ’ ṣeé dá láti ara ‘gba ẹ̀gbẹ́ yọ’, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘ì-’. ‘Ìkámọ́’ ni kí ọ̀pọ̀ ọ̀tá yí aṣeré ká títí kò fi ní ọ̀nà àbáyọ.

Kíkúrò lójú ìjà ni ó mú ìṣòro díẹ̀ wá. ‘Ìfàsẹ́yìn’ ti di ti ìdíwọ́ àti ti àìsàn tí ó padà dé. ‘Ìpẹ̀yìndà’ ti di ti ẹni tí ó fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀. ‘Ìpadàsẹ́yìn’ ni a lè yàn. Kí ó dúró fún kíkúrò tí ó létò, bí ti Elite. Kí ‘ìtúká’ sì dúró fún sísá tí kò létò, bí ti Grunt tí olórí rẹ̀ kú.

6. Ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ inú ẹ̀rọ

Níhìn-ín ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún ‘bẹ̀rù’, ‘bínú’ àti ‘mọ̀’. Ẹ̀rọ kò bẹ̀rù. Ohun tí ó ní ni ‘ipò’: ọ̀nà ìṣe kan tí ọ̀tá wà nínú rẹ̀ ní àkókò kan. Ìpín mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀: ipò àìfura, ipò ìfura àti ipò ìjà. Ohun tí ó ń gbé ọ̀tá láti ipò kan sí èkejì ni ‘okùnfà’. ‘Ìlà ìríran’ ni ìlà tí ètò fà láti ojú ọ̀tá dé ara aṣeré láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ògiri dí i.

Nígbà tí ipò bá pọ̀ jù, wọ́n a máa tò wọ́n bí igi. Damian Isla ṣàlàyé ní ọdún 2005 pé irú ètò yìí ni wọ́n lò fún Halo 2, tí ó jáde ní ọdún 2004. ‘Igi ìṣesí’ ni orúkọ tí ó bá a mu. Kò ní ṣòro fún olùkọ́ èdè, nítorí pé irú àwòrán igi bẹ́ẹ̀ ni ó fi ń fọ́ gbólóhùn sí wẹ́wẹ́: gbòǹgbò lókè, ẹ̀ka nísàlẹ̀.

7. Ìlò nínú kíláàsì

Gbólóhùn méjì yìí sọ̀rọ̀ nípa nǹkan kan náà:

(a) Bí olórí bá kú, ẹ̀rù a ba àwọn ọmọ-ẹ̀yìn, wọ́n a sì túká.
(b) Bí iye olórí tí ó wà láàyè bá di òdo, ètò yóò gbé àwọn ọmọ-ẹ̀yìn láti ipò ìjà sí ipò ìtúká.

Gbólóhùn (a) tọ̀nà fún ẹni tí ń ròyìn eré. Gbólóhùn (b) nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ di ètò. Olùkọ́ tí ó bá fi (a) dáhùn ìbéèrè (b) ti fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ láti máa wá ibi tí ẹ̀rù wà nínú ẹ̀rọ, kò sì ní rí i. Ó dára kí olùkọ́ jẹ́ kí kíláàsì kọ́kọ́ ròyìn ohun tí ojú rí, kí ó tó ní kí wọ́n tún un sọ bí iṣẹ́ ẹ̀rọ.

8. Ìkádìí

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún ìṣesí ọ̀tá àjèjì pọ̀ nínú èdè Yorùbá, àwọn kan nínú wọn sì ṣe pàtó ju ohun tí eré fúnra rẹ̀ bèèrè lọ. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí a fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀: ìsápamọ́, ìbadè, ìgbẹ̀gbẹ́yọ, ìkámọ́, ìpadàsẹ́yìn àti ìtúká fún ohun tí ojú rí, ipò, okùnfà, ìlà ìríran àti igi ìṣesí fún ohun tí ẹ̀rọ ṣe. Bí a bá dà wọ́n pọ̀, èdè yóò máa dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò ní yé ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe eré.